ETÍ LÁSÁN KÌ Í KỌ́ ÈDÈ

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó máa ń dùn mí. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè jẹ́ ìyá tó ti ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya láti ogún ọdún. Ó lè jẹ́ télọ̀ tó ti pẹ́ ní Kútọnu, ó sì lè jẹ́ mẹkáníìkì tó ti di ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà ni pé, "Orí mi ò gba èdè." Wọ́n á ní ojoojúmọ́ làwọn ń gbọ́ èdè yìí, síbẹ̀ báwọn ṣe ń sọ ọ́ lọ́dún kejì náà làwọn ṣì ń sọ ọ́ dòní. Wọ́n á wá mí kanlẹ̀. Wọ́n á ní bóyá torí pé àwọn ò kàwé ni, bóyá torí pé àgbà ti dé ni, tàbí kó jẹ́ pé òlódo kúkú làwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe ara yín ní òlódo. Ẹni tó mọ iye tóun ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá láìkọ ọ́ síwèé, tó mọ ẹni tó jẹ òun lówó láti oṣù mẹ́ta, tó sì tún mọ èyí tó ń parọ́ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣé orí onítọ̀hún ni ò pé? Orí pé o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti bá wa sọ ọ́ tipẹ́ pé bí èèyàn bá ṣáà ti wà láàárín àwọn elédè, èdè náà á wọ̀ ọ́ lára fúnra rẹ̀, bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Fún àgbàlagbà tó ń kọ́ èdè kejì, etí lásán ò tó. Ohun tí ọkàn bá fiyè sí ló ń ráyè wọlé dáadáa. Èyí tí ọkàn ò bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, a lè gbọ́ ọ fún ogún ọdún kó máà di tiwa.

Ẹ wo ọmọṣẹ́ télọ̀ méjì tí wọ́n jọ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá kan náà ló ń kọ́ wọn, wọ́n sì jọ lo ọdún mẹ́ta. Èkíní ń wo ọwọ́ ọ̀gá: ibi tó ti fàlà, bó ṣe ṣẹ́ etí aṣọ, àyè tó fi sílẹ̀ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Èkejì ń wo aṣọ tó ti parí, ó ní, "Ó mà dáa o!" Lọ́jọ́ tí wọ́n gba fírídọ̀ọ̀mù, ta ló máa lè dá búbá gé? Àwọn méjèèjì ló rí iṣẹ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ló wò ó. Àwọn baba wa tí wọ́n ya rírí sọ́tọ̀ sí wíwò, tí wọ́n sì ya gbígbọ́ sọ́tọ̀ sí fífetísílẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

ARÁ JÀPÁÀNÙ TÓ LỌ SÍ HAWAII

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ìtàn gidi ni, kì í ṣe àlọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Richard Schmidt, ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Hawaii. Erékùṣù ni Hawaii, àárín òkun ló wà, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló wà. Schmidt mọ ọkùnrin ará Jàpáànù kan níbẹ̀, ayàwòrán ni. Nígbà tó máa kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1983, kò dárúkọ rẹ̀ gan-an, Wes ló pè é.

Wes ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó wá máa gbé ní Honolulu, tó jẹ́ olú ìlú Hawaii. Kò kàwé lọ títí, kò sì jókòó sí kíláàsì kí wọ́n máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àárín àwọn èèyàn ló ti ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà ló ń bá ṣòwò. Ọ̀yàyà ẹ̀ sì pọ̀, kì í tijú. Bó ò bá gbọ́ ohun tó sọ, á gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́ títí yóò fi yé ọ. Ṣé ẹ rí i pé irú ẹni yìí gan-an là ń sọ pé kò lè ṣe kó má gbọ́ èdè?

Schmidt fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu Wes. Kí ló wá rí? Lápá kan, Wes ti dára sí i púpọ̀. Ó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń sọ ìtàn, ó ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lápá kejì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí Òyìnbó fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, irú bíi "s" tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn nǹkan tó bá ju ẹyọ kan lọ, àti "ed" tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kọjá, kò fi bẹ́ẹ̀ sún síwájú nínú wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń sọ "s" yìí sí i létí, kò sí wákàtí tí kò gbọ́ ọ. Etí gbọ́, ọkàn ò yà síbẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká fi èdè tiwa wò ó. Bá a bá ní "ìwé kan", tá a tún ní "ìwé mẹ́wàá", ṣé ìwé náà yí padà? Kò yí padà. "Mẹ́wàá" ti sọ iye rẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Jàpáànù rí. Nítorí náà nígbà tí Wes bá gbọ́ "two books", "two" ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ fún un. "S" tó wà lẹ́yìn, ó dà bí ẹni tó ń pariwo "mo wà níbí o" lẹ́yìn tí ìpàdé ti parí. Ta ló máa dá a lóhùn?

TIWA NÁÀ Ń BẸ NÍBẸ̀

Ẹ má rò pé ará Jàpáànù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Yorùbá, "ó" là ń lò fún ọkùnrin, "ó" là ń lò fún obìnrin, "ó" náà là ń lò fún ewúrẹ́. Òyìnbó ní tiẹ̀ á ní "he" fún ọkùnrin, á ní "she" fún obìnrin. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ kí ìyàwó ilé tó ti pẹ́ nílùú Òyìnbó máa pe ọkọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ ní "she". Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dúró ná. Ká ní ọmọ wa obìnrin kan ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Òyìnbó, bàbá kan àti ìyá kan, kó wá máa sọ fún dókítà lórí fóònù pé ẹni báyìí ti lo oògùn rẹ̀, ẹni báyìí ò tíì lò ó. Bó bá fi "he" sípò "she", ta ni wọ́n máa fún lóògùn lẹ́ẹ̀mejì? Ta ni wọn ò ní fún rárá? Ẹ̀rín á parí níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, ká dé Sábó. Haúsá ń pe kí èèyàn dín nǹkan kù ní "rage". Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń tajà fún yín, ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni "Ka rage mini", ìyẹn ni pé kó bá mi dín in. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹ ó ní "Ki rage mini". Ẹ gbọ́ ọ o: ka fún ọkùnrin, ki fún obìnrin. Àwa ò ní irú rẹ̀. Ohun tí àwa ń wò bá a bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni pé ṣé àgbà ni àbí ọmọdé, ká tó mọ̀ bóyá "o" la máa lò tàbí "ẹ". Haúsá ń wo ọkùnrin àti obìnrin. Ìyá wa kan á dé ọ̀dọ̀ ìyá Haúsá, á ní "ka rage", ìyá yẹn á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dínwó, ọjà á sì lọ. Nítorí pé ọjà lọ, kò sẹ́ni tó dúró wo ohun tó wà láàárín ka àti ki. Lọ́dún tó ń bọ̀, ka náà ni. Lọ́dún mẹ́wàá, ka náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ọjà tó ń lọ gan-an ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ wa yé, ọkàn á ní ó tó, á sì tẹ̀ síwájú.

ETÍ MÉJÌ, ỌKÀN KAN

Bóyá ẹnì kan á ní, "Ṣé nǹkan lè wọ etí èèyàn kí ọkàn máà mọ̀ ọ́n ni?" Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ní 1953, ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Colin Cherry kọ̀wé nípa ohun tó ṣe. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí méjèèjì àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan ń wọ etí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ mìíràn ń wọ etí òsì. Ó ní kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ etí kan sọ jáde bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́ ní etí kejì. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ohùn ọkùnrin bá di ohùn obìnrin, wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ, wọn ò lè sọ ọ́. Kódà nígbà tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ etí kejì náà kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì, wọn ò mọ̀ pé èdè ti yí padà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣàjèjì sí yín. Ẹlẹ́ja ń pe ẹja, aláta ń pe ata, rẹ́díò ń kọrin, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo, ẹ̀yin sì ń bá oníbàárà kan ná ọjà. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ etí yín. Èwo lẹ lè sọ pé ẹ gbọ́? Ti oníbàárà yín ni. Àmọ́ bí ẹnì kan lẹ́yìn yín lọ́hùn-ún bá dárúkọ ọmọ yín báyìí, ọrùn yín á yí. Ìlẹ̀kùn ńlá ni etí, ọkàn ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí onílẹ̀kùn ò bá ṣí fún, ẹ̀yìn òde ló ń wà.

OLÙKỌ́ DI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Schmidt tó kọ̀wé nípa Wes ò fi mọ sórí ẹlòmíràn. Ó fi ara rẹ̀ náà dán an wò. Ó lọ lo oṣù márùn-ún ní ìlú Rio de Janeiro ní Brazil, ó ń kọ́ èdè Potogí, ìyẹn èdè tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sí Èkó. Ó lọ sí kíláàsì fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kàn ń bá àwọn ará ìlú gbé. Ó ní ìwé kan tó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sí: ohun tí wọ́n sọ, ohun tó yé e, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Obìnrin ará Brazil kan, Sylvia Frota, sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ látìgbàdégbà, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú téèpù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀: ohun tí àwọn ará Brazil ń sọ sí i létí, ohun tó kọ sínú ìwé pé òun ṣàkíyèsí, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ẹnu sọ nínú téèpù. Ní 1986, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Kì í ṣe gbogbo ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Kódà kì í ṣe gbogbo ohun tí tíṣà kọ́ ọ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ ni èyí tó ti kọ sílẹ̀ pé òun ti kíyè sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Bí ará Brazil bá fẹ́ béèrè pé kí lẹ fẹ́, ó lè ní "O que você quer?" Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń ki ọ̀rọ̀ kékeré méjì bọ àárín rẹ̀, wọ́n á ní "O que é que você quer?" Ojoojúmọ́ ni Schmidt ń gbọ́ eléyìí. Ó yé e, ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín yẹn kàn ń bá a lọ bí afẹ́fẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó wá kíyè sí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo Rio ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Láìpẹ́, òun náà ń sọ ọ́. Àwọn ará Rio ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà o. Òun ló ṣílẹ̀kùn.

Nínú ìwé tó tún kọ ní 1990, ó wá là á mọ́lẹ̀ pé àkíyèsí ni ẹnu ọ̀nà tí èdè kejì ń gbà wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ́ni lédè káàkiri ayé ti ń jiyàn lé e lórí.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í dá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Krashen, ará Amẹ́ríkà bíi Schmidt, ti ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè pé bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ èdè ni àgbà náà ṣe lè gbọ́ ọ. Ó ní kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti máa yé èèyàn, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, èdè á wọlé láìmọ̀. Ó ní òfin gírámà téèyàn mọ̀ lórí kò ju ọlọ́dẹ lọ: ó lè dá àṣìṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè bí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àbí ẹ ò mọ ọmọ tó gba èsì tó dára nínú ìdánwò Faransé, tí kò sì lè fi Faransé ra búrẹ́dì? Orí ẹ̀ kún fún òfin, ẹnu ẹ̀ gbẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn náà sì ti fi hàn lẹ́yìn ìgbà náà pé nǹkan díẹ̀díẹ̀ lè wọ ọkàn láìjẹ́ pé a mọ ìgbà tó wọlé. Schmidt fúnra rẹ̀ rọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá. Ó ní ká kúkú sọ pé bí àkíyèsí bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀kọ́ máa pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Ní 1965, ní ìlú Saint-Lambert lẹ́bàá Montreal, àwọn òbí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ àwọn láti kékeré. Ó dára, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì wò wọ́n ṣe é. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ Faransé débi pé bí wọ́n bá ń ka ìwé tàbí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lanu sọ ọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àṣìṣe kan náà ṣì ń jáde. Faransé máa ń pín nǹkan sí akọ àti abo: "le marché" ni ọjà, akọ ni; "la table" ni tábìlì, abo ni. (Ẹ má bi mí pé ta ló yẹ tábìlì wò.) Àwọn ọmọ yìí ṣì ń fi akọ pe abo. Ní 1985, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan níbẹ̀, Merrill Swain, wá sọ pé gbígbọ́ tó yé wọn nìkan ò tó, wọn ò sọ ọ́ jáde tó. Ó ní ìgbà téèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rí i sọ ló máa ń mọ ibi tí àpò òun ti lu.

Ti ọmọ ọwọ́ tí Krashen fi ṣe àpẹẹrẹ ńkọ́? Etí ọmọ ọwọ́ ò rí bíi tiwa. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà dán àwọn ọmọ ọwọ́ wò nílé tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ìró méjì nínú èdè Híńdì, ti àwọn ará Íńdíà, sí wọn létí, ìró tí àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, ó ti ń kúrò létí wọn. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ ti mú èdè ìyá rẹ̀, ó sì ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ti àlejò. Àgbàlagbà tó ní òun fẹ́ gbọ́ èdè bí ọmọ ọwọ́, ilẹ̀kùn tó ti pa dé ló jókòó sí ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rù má bà yín, ilẹ̀kùn náà ń ṣí. Àwọn ará Jàpáànù kì í sábà mọ "r" àti "l" Òyìnbó yàtọ̀. Ní 1991, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Indiana ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ àwọn kan. Ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n rò pé ó jẹ́, wọ́n á sì sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n gbà á tàbí wọ́n ṣì í. Etí wọn là sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkíyèsí ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún gbígbọ́ lásán ò lè ṣe.

KÍ LẸ MÁA ṢE NÍDÌÍ ỌJÀ YÍN?

Ẹni tó bá ní òun ò lówó ilé ìwé, kò gbówó. Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí.

Èkíní, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má lépa eku mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ka àti ki lẹ mú, òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gbé agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ki lẹ́nu Haúsá, ẹ sọ ẹ̀wà kan sínú rẹ̀. Ẹ̀wà tó bá wà níbẹ̀ lálẹ́ á sọ fún yín bóyá etí yín wà lójúfò.

Èkejì, ẹ má ṣe é nígbà tí iná bá wà lójú ọjà. Ẹni tó ń ṣọ́ owó kò lè máa ṣọ́ ọ̀rọ̀. Àsìkò tí ọjà bá tutù, tàbí tẹ́ ẹ bá ń kó ẹrù wọlé, ìyẹn ló dára. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbà, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ nílé.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá onínúure kan láàárín àwọn elédè, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Bí mo bá ṣì í sọ, jọ̀ọ́ tún un sọ fún mi." Púpọ̀ nínú wọn ń dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ ni. Wọn ò fẹ́ dójú tì yín. Àfi kẹ́ ẹ fún wọn láyè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fẹnu sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi tiyín wé tiwọn: kí lèmi sọ, kí lòun sọ? Ibi tí méjèèjì ò ti bára mu, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹ́ kí àkíyèsí di yín lẹ́nu o. Ẹ rántí Wes. Kò sẹ́ni tó ní kó má sọ̀rọ̀, ìyáyì rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi pé kó tó sọ ọ́, ilé ló máa gbé ọjà rẹ̀ padà sí. Ẹ sọ ọ́, ẹ ṣì í, ẹ kíyè sí i, ẹ tún un sọ.

Àwa náà tí àlejò ń kọ́ èdè wa lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká tún ìwà ṣe. Bí Òyìnbó kan bá dé ibùdókọ̀ tó ní òun fẹ́ wọ ọkọ lọ sí Ìbàdàn, gbogbo wa á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣe fún un! Létí rẹ̀, ọkọ tó ń fẹ́yàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn, àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, torí pé èdè tiẹ̀ kì í fi gígùnsókè àti wíwálẹ̀ ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Bá a bá rẹ́rìn-ín tán, ká sọ méjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, jẹ́jẹ́: "ọkọ, ọkọ̀." Ká tún un sọ. Ká ní kó sọ ọ́. Bóyá ìyàwó tí ọmọ wa fẹ́ láti ìlú òkèèrè ni, bóyá ọmọṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíràn ni, oore tá a máa ṣe fún un nìyẹn. Ẹ̀rín nìkan kì í kọ́ èèyàn lédè, ńṣe ló máa ń mú un dákẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún ní orí òun ò gba èdè, ẹ bi í pé: ọ̀rọ̀ wo lo ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí kò bá rí ọ̀kan sọ, ẹ sọ fún un pé orí ẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Kò tíì rán an níṣẹ́ ni.

Ẹ kọ̀wé sí wa o. Ọ̀rọ̀ wo nínú èdè ẹlòmíràn ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ etí yín kọjá láti ọjọ́ pípẹ́? Báwo lẹ ṣe wá mú un? Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ fún ọmọ kó bá a kọ ọ́. Ojú ewé lẹ́tà wà fún gbogbo wa.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.